Ọmọ mi ò fẹ́ kíláàsì orin, ilé-ìwé sì ní ọ̀ranyàn ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dáre
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni a wà, apá Òkélérin. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní JSS2, ọmọ ọdún 13 ni. Ọdún yìí la gbé e wá sí ilé-ìwé tó wà báyìí. Níbi tó ti kúrò, kò sí orin lórí táìmù-tébù wọn rárá. Ibi tuntun yìí ní ọ̀ranyàn ni, gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣe é, wọ́n sì ń fún wọn ní máàkì lé e lórí.

Bí ọjọ́ kíláàsì orin bá ti pé, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láti àárọ̀. Inú ọ̀hún kì í run ún lọ́jọ́ Ìṣirò. Nígbà tí mo fọgbọ́n wádìí, ó ní tíṣà máa ń pe àwọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá kọ dò re mí títí dókè lójú gbogbo kíláàsì. Ohùn rẹ̀ sì ń yà lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ mọ bí ti ọmọkùnrin ṣe máa ń rí. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó dé sò, ohùn já a sílẹ̀. Bọ̀dá Àkùkọ ni wọ́n ń pè é látìgbà náà.

Wọ́n tún ní ká ra rikọ́dà, fèrè oníke yẹn. Bàbá rẹ̀ ní òun ò ní ra fèrè fún ẹni tí kò fẹ́ fọn ún, pé òun máa lọ rí prínsípà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ńbẹ̀. Èmi ò tíì mọ ẹni tí n ó gbè lẹ́yìn. Ṣé wọ́n lè yọ ọmọ kúrò? Ẹ̀yin tí wọ́n fi orin kàn nípá fún nígbà tí ẹ wà nílé-ìwé, kí lẹ rí mú bọ̀ níbẹ̀?

Tíṣà Olórin (Ọ̀yọ́)
Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹ rèé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ní JSS, orin kì í sábà dá dúró. Òun, iṣẹ́ ọnà àti eré orí ìtàgé ni ìjọba dì pọ̀ tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts. CCA la máa ń pè é. Èsì kan ṣoṣo ló ń jáde fún un nígbà Junior WAEC. Àwọn ilé-ìwé aládàáni kan máa ń ya orin sọ́tọ̀ lórí táìmù-tébù, àmọ́ máàkì rẹ̀ á tún padà sínú CCA náà ni. Bí bàbá ọmọ bá ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú orin, ohun tí prínsípà máa bi í ni pé, ṣé kí ó máa gba òdo nínú apá yẹn ni? Tó bá ti kúrò ní JSS3, ó bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ní SS, ẹni tó bá wù ló ń mú orin, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ò tilẹ̀ ní in.

Ti ohùn ló yẹ kẹ́ ẹ bá tíṣà sọ. Ohùn ọmọkùnrin tó ń bàlágà máa ń wálẹ̀ tó láti dò òkè sí dò ìsàlẹ̀. Láàárín ìgbà tó ń wálẹ̀ yẹn, bí èèyàn bá fún un ní dò tó bá àwọn ọmọbìnrin lára mu, á ya ni, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, dò tirẹ̀ ni mo máa ń wá fún un. Màá ní kó sọ̀rọ̀, màá tẹ́tí sí ibi tí ohùn rẹ̀ jókòó sí, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò sì jẹ́ kó kọ ju nóòtì márùn-ún lọ. Èmi ò sì jẹ́ pe ọmọ ọdún 13 jáde wá dá kọrin níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ nawọ́.

Ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n má lọ rí prínsípà o. Tíṣà ni kí wọ́n rí.

Fọlá T.
Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ ṣeun, àmọ́ èmi wà lẹ́yìn bàbá Dáre.

Wọ́n fi orin kàn mí nípá fún ọdún mẹ́ta gbáko. Kí la ṣe? Ìwé la kọ. Tíṣà á wọlé, á kọ̀wé kún pátákó, àwa á dà á kọ. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya treble clef, àmì tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà orin, débi pé mo lè fojú dídì yà á. Every Good Boy Deserves Favour, tí wọ́n fi ń rántí E G B D F, nóòtì orí ìlà márùn-ún, mo kà á sórí bí ẹni ka Orin Dáfídì. Ti gígùn nóòtì, semibreve kan jẹ́ crotchet mẹ́rin, mo mọ̀. Mo sì ń gbé máàkì tó ga. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo wọ kíláàsì yẹn títí mo fi jáde, mi ò gbọ́ ìró nóòtì kan. Bí ẹ bá fi E tó wà lórí ìlà ìsàlẹ̀ hàn mí lónìí, mo mọ orúkọ ẹ̀, mi ò mọ igbe ẹ̀.

Bó bá jẹ́ irú èyí ni, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wá nǹkan gidi ṣe.

Bàbá Tẹ́nọ̀
Fọlá, ọmọ mi, tíṣà rẹ ló yẹ kó o bá wí. Orin ò ṣẹ̀ ọ́.

Nígbà tiwa, kí ọdún 1980 tó dé, ọ̀ranyàn ni orin, kò sì sẹ́ni tó ń bi wá bóyá ó wù wá. Ìwé gàdàgbà kan máa ń wà lára ògiri, modulator ni wọ́n ń pè é. Dò wà nísàlẹ̀, re lé e, mí lé e, títí tó fi tún kan dò lókè. Tíṣà á mú ọ̀pá, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa nàka sí wọn, àwa á máa gbé e. Á rìn láti dò sí re, re sí mí, gbogbo wa á máa yọ̀. Lójijì á fò láti dò bọ́ sórí là. Ẹni tó bá gbé sò, ọ̀pá yẹn náà ni wọ́n fi máa tọ́ ọ sọ́nà. A sunkún níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì tí mi ò gbọ́ rí fún mi pẹ̀lú sólfà rẹ̀, ohùn tẹ́nọ̀ ni mo máa kọ jáde níbẹ̀ láìsí dùùrù. Ìlà márùn-ún tí ẹ ń sọ yẹn, a ò mọ̀ ọ́n, kò sì dí wa lọ́wọ́.

Láyé ọjọ́un, tíṣà ló ń kọ́ ọmọ, òun náà ló ń tẹ dùùrù lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn tó jáde ní St Andrew's College l'Ọ̀yọ́, tó ti wà láti 1896, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ orin mọ́ iṣẹ́ tíṣà. Irú wọn ló wọ́n báyìí.

Ìyá Dáre, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, odò wà nílé yín. Seminary àwọn Onítẹ̀bọmi tó wà níbẹ̀ láti 1898 ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń jáde lọ darí ẹgbẹ́ akọrin káàkiri ìlú. Ẹ bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wà nítòsí yín, ẹ ó rí ẹni tó máa jókòó ti ọmọ náà lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹni tó bá sì ní ìlù lòun fẹ́, kó lọ kọ́ ọ nílé àyàn. Ìlù ò ní nóòtì, kò yẹ kí wọ́n pò ó mọ́ kíláàsì orin.

Ọmọ Àyàn
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn tí ẹ fi kádìí yẹn ni mo fẹ́ gbé.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé àyàn. Kí n tó wọ JSS1 ni mo ti ń gbé gúdúgúdú kọ́rùn tẹ̀lé bàbá mi ròde. Mo dé kíláàsì orin, wọ́n ní ká dárúkọ àwọn ohun èlò orin ilẹ̀ wa, ká sì pín wọn: membranophone (aláwọ), idiophone (èyí tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dún), aerophone (èyí tí à ń fọn), chordophone (olókùn). Ìpín yẹn dáa, mi ò bá a jà. Àmọ́ nótì tí wọ́n kọ sí pátákó to ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́ ìlù aláwọ. Mo nawọ́, mo ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò ní awọ, igbá ni, òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ló wà lára ẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, pé ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Àwòrán kan tún wà níbẹ̀, gángan ni, kékeré báyìí, “ìyáàlù” ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ìyáàlù dùndún ni baba wọn, òun ló ń so ṣaworo mọ́ etí, òun ló ń sọ̀rọ̀. Gángan yàtọ̀. Ìsáájú, kẹríkẹrì, wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn. Gúdúgúdú tó wà lọ́rùn mi, ojú kan ló ní, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì la fi ń lù ú, a kì í fún un bí a ṣe ń fún dùndún. Máàkì tí mo gbà nínú tẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹ má bi mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kí orin má ṣe ọ̀ranyàn mọ́, mi ò sí lẹ́yìn yín. Kó jẹ́ ọ̀ranyàn. Àmọ́ kí wọ́n fi ohun tí ọmọ ní nílé bẹ̀rẹ̀.

Ìlù ò ní nóòtì kẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan awọ. Ẹnu ló fi ń lù ú. Àgbà á pa á lẹ́nu, ọmọ á pa á tẹ̀lé e, tí kò bá tíì yọ́ lẹ́nu, kò gbọdọ̀ gbé kọ̀ǹgọ́. Dò, re, mí ni ìyáàlù ń sọ láti ayébáyé. Ẹ pe Adébáyọ̀: re, mí, mí, dò. Ọmọ tó bá ti lè pe orúkọ yẹn kí èèyàn má gbọ́ ọ sí nǹkan mìíràn, etí rẹ̀ ti mọ ohùn mẹ́ta kó tó rí tíṣà orin. Dáre ò ní ìṣòro etí. Ọ̀fun rẹ̀ ló ń bàlágà.

Ohun kan tún ń dùn mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ògúndáre Fọ́yánmu ti wá, ìjálá rẹ̀ wà lórí àwo, rédíò ò sì yéé lù ú. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ orin nílé-ìwé ìlú náà ni wọ́n ti mẹ́nu bà á fún?

Bàbá Tẹ́nọ̀
Ọmọ Àyàn, o ṣeun. Ti orúkọ yẹn wọ̀ mí létí. Modulator wa náà nìyẹn láìlógiri.

Bàbá Zainab
Àsàlámù aleikum. Èmi lọ rí prínsípà, ọ̀rọ̀ wa sì yanjú. Ti ọmọ mi obìnrin ni. Kò sí orin kankan tí wọ́n kọ́ wọn ju hymn lọ, látorí ti Kérésì dórí ti Àjíǹde. Mo kọ lẹ́tà, mi ò lọ pariwo. Mo ní kí orin kíkọ má kàn án, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kó ṣe apá tó jẹ́ kíkọ sílẹ̀ àti iṣẹ́ ọnà. Wọ́n gbà. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń kọrin, á máa ṣe iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Nítorí náà, Tíṣà Olórin, ẹ má sọ pé prínsípà ò lè ṣe nǹkan kan.

Tíṣà Olórin (Ọ̀yọ́)
Alàájì, ẹ̀tọ́ yín ni. Mi ò sọ pé kò lè ṣe nǹkan. Ohun tí ẹ gbà ni pé kó ṣì máa ṣe sọ́bjẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n yí bó ṣe máa ṣe é padà. Ohun tí mo ní kí bàbá Dáre náà bèèrè nìyẹn, tíṣà ni mo kàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí.

Ìyàwó Àáfà
Mo fara mọ́ ti hymn yẹn, Bàbá Zainab. Ilé-ìwé tí ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀sìn wà, orin ẹ̀sìn kan ṣoṣo ò dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́ bíi pé Mùsùlùmí ò mọ orin. Bí wọ́n bá ti Mẹ́kà dé, kí la fi ń pàdé wọn? Wákà ni. Níbi wòlíìmọ́tù ńkọ́? Ọmọbìnrin mi ń lé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbè. Nígbà tí tíṣà wọn rí i, ó ní kó wá fi kọ́ àwọn yòókù ohun tí wọ́n ń pè ní lílé àti ègbè, ohun tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì náà ni.

Bàbá Zainab
Tíṣà tiyín nìyẹn. Tiwa ò béèrè.

Abíọ́lá Under-G
Kí n sọ òtítọ́ tí ẹnì kan ò fẹ́ sọ. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yẹn má mọ orin kọ láéláé. Èmi ṣe é láti JSS1 dé JSS3. Nígbà tí a fẹ́ ṣe àpèjẹ òpin ọdún, tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n máa ṣí ẹnu, kí n má gbóhùn jáde. Mo ṣí ẹnu. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wà ní LAUTECH báyìí, mo ń ka ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ní kí n kọ dò re mí kí n tó wọlé. Ìyá Dáre, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe àìsàn.

Fọlá T.
😂😂 Kí n má gbóhùn jáde kẹ̀!

Ṣọ́ọ̀bù Ohun Orin
Mi ò ní dá sí ti ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ rikọ́dà ni kí ẹ fetí sí kí ẹ tó náwó, torí mò ń tà á, mo sì ń rí ohun tó ń bí àwọn ìyá nínú.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà, ojú lásán ò lè yà wọ́n. Ọ̀kan ni German, èkejì ni Baroque. Ẹ ka ihò iwájú láti òkè. Bí ihò kẹrin bá tóbi ju ìkarùn-ún lọ, German ni. Bó bá jẹ́ ìkarùn-ún ló tóbi jù, Baroque ni. Àwọn kan máa ń tẹ G tàbí B sára rẹ̀ lẹ́yìn. Kí ló kàn yín ńbẹ̀? Nóòtì F. Lórí German, ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò ẹ̀yìn, ẹ dí mẹ́rin iwájú, F ti dé. Lórí Baroque, bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, F á lọ sókè díẹ̀, á máa ta. Ẹ gbọ́dọ̀ fo ìkarùn-ún, kí ẹ tún dí ìkẹfà àti ìkeje. Tíṣà á kọ ìka kan sí pátákó, ìdajì kíláàsì ra ti ibí, ìdajì ra ti ọ̀hún, nígbà tí wọ́n bá dé F, ariwo tó máa jáde níbẹ̀! Tíṣà á ní àwọn ọmọ ò ka ìwé wọn. Ọjà ni kò bára mu.

Torí náà, ẹ bi tíṣà kẹ́ ẹ tó rà á. Bí kò bá mọ̀, ẹ ra German, òun ló rọrùn fún ọmọdé. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ bá délé, kí ọmọ má sì yá ẹnikẹ́ni, itọ́ ló ń wọ inú ẹ̀.

Tíṣà Olórin (Ọ̀yọ́)
Ọ̀gá wa, gbogbo ẹ̀ lẹ sọ dáadáa, àfi ibi tí ẹ ti ní German ló rọrùn. F nìkan ló rọrùn lórí ẹ̀. F sharp rẹ̀, ìyẹn F tí a gbé sókè díẹ̀, kì í tọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ orin tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ wà ní kíì G, F sharp ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá fi German bẹ̀rẹ̀ á tún padà wá kọ́ ìka tuntun. Baroque ni mò ń ní kí wọ́n rà.

Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B: àtàǹpàkò lẹ́yìn, ìka ìfábẹ̀lá níwájú, ọwọ́ òsì. Ìka kejì lé e, A nìyẹn. Ìkẹta, G. Nóòtì mẹ́ta yìí tó orin kékeré púpọ̀. Kó má fẹ́ ẹ tagbára-tagbára, kó mí sí i bí ẹni tó fẹ́ fi èémí ṣe gíláàsì ní ìrì. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ kíkan ló ń jẹ́ kó máa han.

Ọmọ Àyàn, o jàre lórí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, idiophone ni. Àmọ́ ẹ tún wá wo kíláàsì tèmi kẹ́ ẹ tó bú tíṣà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ CCA, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n kà, wọ́n kàn kó orin lé wọn lọ́wọ́ ni. Ìlù kan ò sí nílé-ìwé, àwọn ọmọ kún kíláàsì fọ́fọ́. Fọlá, ìdí nìyẹn tí pátákó fi ń kún. Àtẹ́wọ́ la fi ń lu crotchet lọ́dọ̀ mi, minim, tó jẹ́ crotchet méjì, la fi ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀, àmọ́ tíṣà kíláàsì kejì máa ń wá bẹ̀ wá pé ká rọra.

Fọlá T.
Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti kọ́ mi ni, mi ò bá máa bú orin. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi o: ibi tí kò bá ti sí irú yín, kí wọ́n má fi kàn ọmọ nípá.

Ìyá Dáre
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Olúwa á bá wa wo ọmọ.

Mo lọ rí tíṣà náà. Òun fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà lòun kà, ó ní òun ò mọ̀ pé ohùn tó ń yà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ti gbà kí Dáre fi rikọ́dà ṣe tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ dípò kíkọ orin, ó sì ní àwọn méjì míì wà bẹ́ẹ̀. Ti Bọ̀dá Àkùkọ, wọ́n ṣì ń pè é, àmọ́ ó ti ń dá wọn lóhùn.

Bàbá rẹ̀ ló ra fèrè náà, ẹ má bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti bi tíṣà, Baroque ni. B, A, G ti ń jáde, orúkọ rẹ̀ ló ń fọn kiri ilé bí Ọmọ Àyàn ṣe wí. Wàhálà tó kù ni pé ìka ọmọńdinrín rẹ̀ ò dé ihò ìsàlẹ̀ pátápátá, C ò sì dún, á kàn máa súfèé. Ṣé fèrè yẹn tóbi fún un ni?

Ṣọ́ọ̀bù Ohun Orin
Kò tóbi, mà. Ṣé èyí tó ṣeé tú sí mẹ́ta ni? Ẹ di ìdí ẹ̀ mú, ẹ yí i sí ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀ títí ihò yẹn á fi bọ́ sábẹ́ ìka rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ wà lójú kan náà pẹ̀lú àwọn tòkè. Bí kò bá yí, ẹ fi ọ̀rá kékeré pa oríkèé ibẹ̀, ẹ má fi agbára yí i.

Tíṣà Olórin (Ọ̀yọ́)
Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kó sì fi C sílẹ̀ ná, òun ló le jù nínú gbogbo wọn. Kó fi D àti E ṣeré fún ìgbà díẹ̀. Bí ìka kan bá ṣí díẹ̀ lókè, tìsàlẹ̀ ò lè dún. Ẹ jẹ́ kó wo ìka rẹ̀ lẹ́yìn tó bá fọn ún tán: bí àmì ihò bá yí po lórí gbogbo wọn, ó ti dí wọn.